Èdè Àtijọ́ ní Ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì: Láti Freetown dé Òṣòdì

  Ìbéèrè tí olóòtú ètò gbé ka iwájú wa lálẹ́ òní kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Ó ní: kí ni ó kan ọmọ Òṣòdì tàbí ọmọ Ìsọlọ̀, tí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, nínú èdè tí àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn? Èdè náà ti kú. Kò sí ẹni tí ó ń fi í ná ọjà. Àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tí ó ni ín pàápàá kò gbọ́ ọ mọ́, àfi bí wọ́n bá jókòó kọ́ ọ. Kí ni àwa wá ń wá nínú rẹ̀?

Ìdáhùn tí ènìyàn sábà máa ń fún ìbéèrè yìí kì í ju méjì lọ. Àwọn kan ní kí a kó o dànù pátápátá, nítorí pé ẹrù àwọn òyìnbó ni. Àwọn mìíràn ní kí a tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti bá a, nítorí pé kò sí ìmọ̀ tí kò wúlò. Èrò tèmi yàtọ̀ sí méjèèjì, n kò sì lè mú un yé yín àfi bí a bá kọ́kọ́ tọ ìtàn rẹ̀ wá. Nínú ìtàn náà ni ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí: ìmọ̀ tí à ń sọ yìí ti dé àárín wa, ó sì ti fi èdè Yorùbá ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó dá yunifásítì kankan sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Kí ni ìmọ̀ ìtàn èdè?

Filọ́lọ́jì ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ń pe ìmọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni; ìfẹ́ ọ̀rọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ ìtàn èdè ni n ó máa pè é nínú àsọyé yìí. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe. Ìkínní, ó ń kọ́ni bí a ti í ka ọ̀rọ̀ àtijọ́ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, láìfi ìtumọ̀ òde òní bò ó mọ́lẹ̀. Ìkejì, ó ń wádìí bí ìró àti ọ̀rọ̀ ti ń yí padà láti ìran dé ìran. Ìkẹta, ó ń fi ohun tí ó bá rí yẹ ìtàn wò, kí a lè mọ èyí tí ó ṣeé gbà àti èyí tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ní 1786, ní ìlú Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà, adájọ́ kan tí ń jẹ́ William Jones sọ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé pé èdè Sanskrit, èdè Gíríìkì àti èdè Látìnì jọra ju ohun tí èèṣì lè fà lọ. Ó ní orísun kan náà ni wọ́n ti ní láti ṣàn wá. Ní 1822, Jacob Grimm, ará Jámánì, fi hàn pé ìyípadà ìró a máa tẹ̀lé òfin. Níbi tí Látìnì bá ti ní p ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, f ni a sábà máa ń bá nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Bàbá ni pater ní Látìnì, father ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹja ni piscis, fish ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ ni pes, foot ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Ahọ́n àwọn baba ńlá wọn kò kàn yí bí ó ti wù ú. Ọ̀nà kan ni ó tọ̀.

Nígbà tí àwọn yunifásítì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyè dá àwọn tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́lá, àwọn olùkọ́ Látìnì àti Gíríìkì kò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà sí. Lójú wọn, ìwé tí ènìyàn lè fi najú nínú ilé rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ gba oyè. Ìmọ̀ ìtàn èdè wà lára ohun tí ó gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀gàn, nítorí pé ó le, ó sì ní òfin. Nígbà tí Oxford dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1894, ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ó gbé e ró. Báyìí ni Beowulf, ewì akọni tí ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, àti iṣẹ́ Geoffrey Chaucer, akéwì Lọ́ńdọ̀nù tí ó kú ní 1400, ṣe di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè yẹ̀ sílẹ̀.

Freetown ṣáájú Ìbàdàn

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yà kúrò ní Yúróòpù, kí a wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1827 ni ìjọ C.M.S. dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown. Ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí àwọn akónilẹ́rú mú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní 1822. Ní 1843, Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1852, ó tún tẹ gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò sí i jáde, ó sì fi òwe àwọn baba wa ti àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ kíyèsí èyí dáadáa. Bí àwọn tí ń ṣe ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lọ sínú ìwé àtijọ́ láti mọ bí a ti ń lo ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Crowther lọ sínú òwe, nítorí pé òwe wà lára ìwé àtijọ́ tiwa.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ Sigismund Koelle, ará Jámánì tí ó ń kọ́ni ní Fourah Bay. Ní Freetown ìgbà náà, àwọn ènìyàn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ti gbogbo igun Áfíríkà wá. Koelle jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ní 1854 ó tẹ ìwé ńlá tí ó pè ní Polyglotta Africana jáde. Nǹkan bí 300 ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn kéékèèké ni ó wà níbẹ̀, ní èdè tí ó lé ní 100. Ní 1856, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé fún un ní ẹ̀bùn Volney lórí iṣẹ́ náà. Ó kó àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí abẹ́ orúkọ Aku, èyí tí wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa ní Freetown. Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti Òǹdó wà níbẹ̀. Ọ̀tà pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ìlú Àwórì sì ni Ọ̀tà, gẹ́gẹ́ bí Ìsọlọ̀ ti jẹ́ ìlú Àwórì. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ìbátan ará Ìsọlọ̀ ti wà nínú ìwé tí àwọn onímọ̀ ìtàn èdè ń kà ní 1854, ọdún 94 kí ilé-ẹ̀kọ́ Ìbàdàn tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìbàdàn, 1948

Ní 1948 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, ní àjọṣe pẹ̀lú Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà níbẹ̀ títí Ìbàdàn fi di yunifásítì olómìnira ní 1962. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó bá fẹ́ gba oyè gíga nínú Gẹ̀ẹ́sì ní láti mọ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ àti Chaucer. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, Paul Christophersen, kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ará Dẹ́ńmákì ni, onímọ̀ èdè gidi, tí ó ti tẹ ìwé kan jáde ní 1939 lórí bí a ti ń lo àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bí a àti the nínú Gẹ̀ẹ́sì. Sísọ èdè méjì ni ó sì fi ṣe kókó àsọyé tí ó fi gba àga ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: àjèjì sí Gẹ̀ẹ́sì ni ó wá kọ́ àwọn àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ ìtàn èdè ni ó sì fún un ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tí ó ni èdè.

Ẹ̀ka yìí ni Chinua Achebe, Wole Soyinka àti J. P. Clark gbà kọjá. N kò ní sọ pé Chaucer ni ó sọ wọ́n di òǹkọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè sọ pé ó dí wọn lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé ojú ìmọ̀ náà ti yí. Ní Freetown, èdè wa ni ó kọjú sí. Ní Ìbàdàn, ó kọjú sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kẹ̀yìn sí ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣàlàyé bí stan ti Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ ṣe di stone, kí ó sì gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìdánwò oyè kankan ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn tí yóò bi í ní ìdí rẹ̀ tí Ìjẹ̀bú fi ń pe owó ní ewó, nítorí pé kò tíì sí oyè lórí èdè Yorùbá ní Ìbàdàn rárá.

Ìdí nìyẹn tí ìbínú fi wáyé. Ní 1968, ní Yunifásítì ti Nairobi, àwọn olùkọ́ mẹ́ta, Ngũgĩ wa Thiong'o, Henry Owuor-Anyumba àti Taban lo Liyong, kọ ìwé kan tí ó pè fún pípa Ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ́. Wọ́n béèrè ìdí tí lítíréṣọ̀ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo fi ní láti jẹ́ àárín gbùngbùn ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà. Wọ́n ní kí lítíréṣọ̀ Áfíríkà, pàápàá èyí tí a ń fi ẹnu sọ, gba àárín. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Ìwé wọn mì gbogbo Áfíríkà. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì tiwa náà, ìwé àwọn ọmọ Áfíríkà gba ààyè tí ó tọ́ sí wọn, Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ sì súnkì di kọ́ọ̀sì kan lórí ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì, tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun méjì ni ó wà nínú ẹrù tí a sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan ni ìwé àtijọ́ àwọn ẹlòmíràn. Èkejì ni ọgbọ́n tí a fi ń ka ìwé àtijọ́. Èyí àkọ́kọ́ kì í ṣe tiwa, a lè dín in kù. Èkejì kò ní ìlú, kò ní àwọ̀. Ẹni tí ó bá lò ó ni ó ni ín. Nígbà tí a sì sọ àkọ́kọ́ kalẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kò rántí pé èkejì wà nínú ẹrù kan náà.

Àwọn tí ó yí ojú ìmọ̀ náà padà sílé

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbàgbé. Ní 1966, Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde. Ó gba ìjálá lẹ́nu àwọn ọdẹ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, ó sì ń ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti ṣókùnkùn. Ohun tí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe sí Beowulf ni ó ṣe sí ìjálá. Ní ọdún kan náà ni Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1968, Wándé Abímbọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde. Yunifásítì Èkó sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá.

Nígbà tí a bá gbọ́ Ifá, ó yẹ kí a rántí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1936. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. R. R. Tolkien ti Oxford dìde, ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé wọ́n ti sọ Beowulf di kòtò tí wọ́n ti ń wa ìtàn àti àṣà jáde, wọ́n sì ti gbàgbé pé ewì ni. Ìbáwí yìí kàn wá pẹ̀lú. Odù Ifá 256 àti àwọn ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ wọn kì í ṣe ibi tí a ti ń wá ìtàn nìkan. Èdè àtijọ́ wà níbẹ̀, ewì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́ bí a ti í ka èdè àtijọ́ yóò fo àwọn ọ̀rọ̀ tí kò yé e, yóò sì rò pé òun ti kà á tán.

Ẹnì kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe àwòkọ́ṣe. Abíọ́dún Adétùgbọ́ kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Èkó, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni ó kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lé lórí ní Yunifásítì Columbia ní 1967. Ní 1973, ó kọ orí kan sínú ìwé tí Sàbúrì Bíòbákú ṣe olóòtú rẹ̀ lórí àwọn orísun ìtàn Yorùbá. Ó fi hàn níbẹ̀ pé ẹ̀ka-èdè lè jẹ́rìí sí ìtàn bí ìwé tàbí àfọ́kù ìkòkò ti lè jẹ́rìí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ohun tí Ọ̀yọ́ ń pè ní owó, eghó ni Òǹdó ń pè é, pẹ̀lú ìró gh tí ń ti ọ̀nà ọ̀fun wá. Ìlú tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀wọ̀, Ọ̀ghọ̀ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é. Ènìyàn lè rò pé wọ́n kàn ń fi gh rọ́pò w ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ tí wọ́n fi ń gba owó náà kò ní gh nínú lẹ́nu wọn; ọwọ́ náà ni wọ́n ń pè é. Èyí fi hàn pé ìró méjì ni ó wà látijọ́. Ìlà oòrùn ilẹ̀ Yorùbá pa méjèèjì mọ́. Ní Ọ̀yọ́, méjèèjì ti di ọ̀kan. Òfin Grimm nìyẹn nínú ilé wa. Ó sì ti ojú ẹni tí ń fi Òǹdó àti Ọ̀wọ̀ ṣe ẹlẹ́yà pé wọn kò gbọ́ Yorùbá, nítorí pé àwọn ni wọ́n pa ohun àtijọ́ mọ́ ní ibi tí àwa ti sọ ọ́ nù.

Irú ẹlẹ́yà bẹ́ẹ̀ kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1490, William Caxton, ẹni àkọ́kọ́ tí ó tẹ ìwé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ìtàn àwọn oníṣòwò kan tí wọ́n yà sí èbúté ní Kent. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ẹyin lọ́wọ́ obìnrin kan, ó pè é ní egges. Obìnrin náà ní òun kò gbọ́ Faransé. Inú bí ọkùnrin náà, nítorí pé òun pẹ̀lú kò gbọ́ Faransé. Ẹlòmíràn ni ó wá pè é ní eyren kí obìnrin náà tó mọ ohun tí wọ́n ń wá. Bí olùkọ́ kan ní Òṣòdì bá sọ ìtàn yìí ní kíláàsì rẹ̀, kò sí ọmọ tí kò ní lóye. Inú irú ìdàpọ̀ ẹ̀ka-èdè bẹ́ẹ̀ ni a bí wọn sí.

Òṣòdì àti Àwórì lórí ìwọ̀n

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ọgbọ́n yìí lọ sí Òṣòdì fúnra rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ Òṣòdì. Ojú irin tí ó dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901 gba ibẹ̀ kọjá; àwọn ọ̀nà ńlá pàdé níbẹ̀; ibùdókọ̀ ńlá tí ìjọba ṣí ní 2019 wà níbẹ̀. Ẹgbàágbèje ènìyàn ni ó ń fi ẹnu pe orúkọ náà lójoojúmọ́. Mélòó nínú wa, àwa tí a gba oyè lórí èdè, ni ó lè sọ ohun tí ó túmọ̀ sí?

Orúkọ náà ni ìjòyè olókìkí kan ní Èkó jẹ́, Òṣòdì Tápà. Ọmọ Nupe ni, ọmọdé ni nígbà tí ó dé Èkó, ó sì dìde di ọ̀kan nínú àwọn balógun Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní 1851, ó bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n padà ní 1862, Òṣòdì sì kú ní 1868.

Kí ni orúkọ náà túmọ̀ sí? Ká ní ẹnì kan tú u sí ẹni tí ó ṣọ́ odi. Ó dùn létí, ó sì bá balógun mu. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìtàn èdè kì í gba ohun tí ó dùn létí láìgbé e sórí ìwọ̀n. Ní ti fáwẹ̀lì, kò sí ìjà: ṣọ́ odi a máa di ṣódi bí a bá pa fáwẹ̀lì jẹ, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sì lè sọ ọ́ di Òṣódi. Ṣùgbọ́n ohùn òkè kì í sábà bá fáwẹ̀lì tí a pa jẹ lọ; ó máa ń dúró lórí èyí tí ó kù. Òṣódi ni a ìbá retí, Òṣòdì ni a ń gbọ́. Ẹni tí ó bá tú orúkọ náà báyìí jẹ wá ní gbèsè: níbo ni ohùn òkè náà lọ, kí ni ó sì fa ohùn ìparí wálẹ̀? Títí yóò fi san gbèsè náà, àbá lásán ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé ọmọ Nupe ni ó mú orúkọ náà lókìkí, kò yẹ kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ èdè Nupe láìwádìí. Irinṣẹ́ tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà sì ti wà láti 1864, nígbà tí Crowther tẹ gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Nupe jáde.

Ẹ jẹ́ kí a gbé orúkọ kejì sórí ìwọ̀n kan náà. Àwọn Àwórì ní Olófin gbé àwo lé orí omi nígbà tí ó ń bọ̀ láti Ifẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tẹ̀lé e títí ó fi rì ní Ìṣẹ̀rí. Ìyẹn ni wọ́n fi ń jẹ́ Àwórì. Ẹni tí ó bá ń yára yóò ní ìtàn àwọn arúgbó lásán ni. Yóò tún fi ohùn gbè é lẹ́sẹ̀: àwo ni à ń pe àwo oúnjẹ, ohùn àárín ni ó parí rẹ̀, èéṣe tí ohùn òkè fi wà láàrin Àwórì? Ìdáhùn wà nínú gírámà wa. Bí olùwà bá parí sí ohùn àárín, ohùn òkè a máa gùn ún kí ọ̀rọ̀-ìṣe tó dé. Ẹyẹ ni à ń pe ẹyẹ, ṣùgbọ́n a máa ń wí pé ẹyẹ́ fò. Ọmọ ni à ń pe ọmọ, ṣùgbọ́n a máa ń wí pé ọmọ́ wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwo bá rì: àwó rì. Ohùn tí ó dà bí àṣìṣe ni ó jẹ́rìí pé odindi gbólóhùn lè wà nínú orúkọ náà.

N kò sọ pé èyí fi hàn pé àwo kan rì ní tòótọ́. Ènìyàn lè fi ìtàn bá orúkọ mu lẹ́yìn tí orúkọ ti wà. Ohun tí mo sọ ni pé ìtumọ̀ kan kọjá ìdánwò, èkejì kò tíì kọjá, ìwọ̀n kan náà ni a sì fi wọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀mọ̀wé àti ẹni tí ń méfò nìyẹn. Ẹ tún wò ó: tábìlì-ọ̀nà kọ Oshodi àti Isolo láìsí àmì kankan. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti mọ́ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti sọ ẹ̀rí nù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ìdí nìyí tí àmì ohùn kò fi jẹ́ ọ̀ṣọ́.

Ohun tí a lè pàdánù

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé Ẹ̀ka Yorùbá ni kí ó ṣe èyí, kì í ṣe Ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbà pé Ẹ̀ka Yorùbá ni ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sì di olùkọ́ níwájú àwọn ọmọ tí ń gbé Yorùbá wá sí kíláàsì. Àwọn mìíràn yóò béèrè iṣẹ́ tí ènìyàn yóò rí fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. N kò ní tan yín: kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò gba ènìyàn nítorí Beowulf. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kọ́ láti má gba ìtumọ̀ kan láìbéèrè ẹ̀rí rẹ̀ yóò wúlò níbi tí a bá ti ń ka ìwé, ìbá à ṣe ilé ẹjọ́ tàbí ilé ìwé ìròyìn.

Àwọn kẹta yóò ní kò sí àyè lórí àtẹ àkókò ẹ̀kọ́. Ohun tí mo ń bèèrè kò gba àyè púpọ̀. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni. Kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì: ẹsẹ díẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́, ojú ìwé díẹ̀ nínú Chaucer, pẹ̀lú òfin ìyípadà ìró. Kí ìdajì kejì jẹ́ ti ilé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú àkójọ ọ̀rọ̀ Ọ̀tà tí Koelle tẹ̀ ní 1854, kí ó lọ sí Ìsọlọ̀, kí ó wá àgbàlagbà kan tí wọ́n bí sí Àwórì tí ó sì gbó sínú rẹ̀. Kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó béèrè àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí ó béèrè pẹ̀lú bí Ìsọlọ̀, orúkọ ìlú, àti Ọ̀sọlọ̀, orúkọ oyè ọba rẹ̀, ṣe tan mọ́ra. Lẹ́yìn èyí ni kí ó kọ ohun tí ó ti yí padà láti ìgbà Koelle, ọdún tí ó lé ní 170, àti ohun tí kò yí padà.

Ṣùgbọ́n kí ó tètè lọ. Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ti di ibi tí gbogbo Nàìjíríà ń gbé. N kò bú èyí. Bí ìlú ti ń dàgbà nìyẹn. Àmọ́ ọmọ tí a bí síbẹ̀ lónìí, Yorùbá ìgboro Èkó ni yóò gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò sì fi kọ́ ọ níléèwé. Àwọn tí ó gbọ́ Àwórì gidi ń dàgbà, wọ́n sì ń lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè sinmi, nítorí pé Beowulf wà nínú ìwé àfọwọ́kọ, ó sì lè dúró de akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kà á ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Ìwé tiwa ń mí. Kò lè dúró dè wá bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí olóòtú ètò nìyí. Ohun tí ó kan ọmọ Ìsọlọ̀ nínú èdè àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé wọ́n ti fi ọgbọ́n kan pamọ́ sínú rẹ̀, ọgbọ́n tí Crowther àti Koelle ti fi ṣiṣẹ́ lórí èdè wa kí a tó bí àwọn bàbá wa. Kí ó kọ́ ọgbọ́n náà níbi tí ó bá ti rí i, kí ó sì gbé e padà wá sílé.